Òrùka Tó Yí Iná Ká

Bàbá mi kò fi okùn ya òbìrìkìtì rí láyé rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù ní Kotobabi, ní Accra, ìṣó ni wọ́n máa ń kàn mọ́ àárín pákó, wọ́n á so okùn mọ́ ìṣó, wọ́n á so pẹ́ńsù mọ́ etí okùn, wọ́n á wá máa yí i bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Bàbá mi á dúró, á wò wọ́n, á pòṣé. Tirẹ̀, á ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà, á sé èémí, ọwọ́ á lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì padà wá pàdé ibi tó ti gbéra. Àwọn awakọ̀ tròtrò, bọ́ọ̀sì akérò ìlú wa, máa ń ta tẹ́tẹ́ lé e lórí. Wọ́n á ní kí ó yà á tó abọ́ ìjẹun, wọ́n á gbé abọ́ náà lé e, á bá a mu rẹ́gí. Mo wà níbẹ̀, mo fi ojú ara mi rí i, kì í ṣe pé wọ́n sọ fún mi.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ti ọwọ́ rẹ̀ yìí kí n tó sọ ti ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ gan-an ni mo jókòó láti kọ: bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, bí mo ṣe jà kí ó má lọ, àti bí ó ṣe lọ náà. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu obìnrin tí inú ń bí, kó yáa gbé ìwé sílẹ̀ báyìí.

Accra ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí èmi sí. Bàbá tó bí i ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò. Àwọn onílẹ̀ ń pe àwa Yorùbá ní Alata títí di òní, bẹ́ẹ̀ a ń jẹ kẹ́ńkè, oúnjẹ ilẹ̀ wọn, ju àwọn náà lọ. Ìyá mi kú nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá mi kò sì fẹ́ ìyàwó mìíràn. Èmi àti òun nìkan ló kù nínú yàrá méjì, nínú agboolé kan tí ayálégbé kún bámúbámú, tí gbogbo wa sì ń lo ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ilé.

Ẹ̀sìn méjì ni bàbá mi ń sìn. Ọ̀kan ni ti ìjọ aláṣọ funfun tó ń lọ. Èkejì ni ti òbìrìkìtì. Ó gbà pé Ọlọ́run kì í ya igun. Á ní, "Wo ẹyin. Wo òṣùpá. Wo inú ọsàn tí wọ́n là sí méjì. Wo ibi tí òjò ti ń kán sínú bàsíà, bó ṣe ń fẹ̀ lọ. Ta ló kan ìṣó síbẹ̀? Ta ló so okùn mọ́ ọn?" Nígbà ọyẹ́, bí òrùka bá yọ lára òṣùpá, á fà mí jáde sí àgbàlá pé kí n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀gá. Ọ̀gá ló ń pe Ọlọ́run, bí ọmọṣẹ́ ṣe ń pe ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́.

Igun, ní tirẹ̀, iṣẹ́ ọmọ aráyé ni. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ ará òkè àríwá Gáná, tó ń ṣọ́ ilé ní àdúgbò wa. Ọ̀rẹ́ yìí ló sọ fún un pé ní abúlé tàwọn, róbótó ni yàrá, tí ìyàwó ilé bá mú ìgbálẹ̀, á gbá a yípo, kò sí ibi tí ìdọ̀tí máa sá sí. Bàbá mi kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Bó bá ń gbálẹ̀ tó dé kọ̀rọ̀ yàrá wa, á tẹ̀ ba, á ní, "Ẹ ò wá rí i? Inú igun ni gbogbo wọn sá pamọ́ sí." Mo kéré nígbà náà, mo rò pé gbogbo bàbá ló ń bá igun jà.

Nígbà tí mo dàgbà, mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Circle, orítà ńlá Accra tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Òyìnbó jẹ́ òbìrìkìtì. Ìbòrí fóònù ni mo ń tà níbẹ̀, mo sì ń pààrọ̀ gíláàsì fóònù tó bá fọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó wá kọ sáìnbọ́ọ̀dù mi lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà yẹn, ọkọ̀ ṣì ń yí orítà náà po yíká, àyíká gidi. Bàbá mi dúró létí títì, ó ń wo ọkọ̀ tó ń yípo, ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti rí ibi tó dáa jókòó sí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ ìkórè ìjọ rẹ̀. Ìjọ kékeré ni, gbọ̀ngàn kan tí wọ́n kùn ní ẹfun, àwọn Alata bíi tiwa ló pọ̀ jù níbẹ̀. Iná lọ lọ́jọ́ náà, àwọn ará Accra ń pè é ní dùmsọ̀, wọ́n sì tan àbẹ́là sórí pẹpẹ. Ni bàbá mi bá rí òrùka tó yí iná àbẹ́là kọ̀ọ̀kan ká. Ó ní ó rí róbótó, kò níbẹ̀rẹ̀, kò lópin, búlúù ló wà nínú, pupa ló wà níta, bí ẹni pé wọ́n ká òṣùmàrè. Ó kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. Bàbá Olùṣọ́, olórí ìjọ náà, bi í pé kí ló rí. Ó sọ ohun tó rí. Bàbá Olùṣọ́ ní adé ògo ni, pé Ọlọ́run ti ṣí ojú ìránṣẹ́ rẹ̀. Ṣí ojú kẹ̀! Ojú tó ń kú lọ ni wọ́n ní ó ń ṣí.

Kò pẹ́ tí àwọn ìyá ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ wá. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ògo ọmọ ṣe máa ń ká àwa Yorùbá lára. Ìyá á fẹ́ mọ̀ bóyá ìràwọ̀ ọmọ òun ń tàn, bóyá ayé kò tíì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á gbé ọmọ dúró níwájú pẹpẹ, wọ́n á na àbẹ́là tó ń jó sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọmọ náà, bàbá mi á wò ó dáadáa, á ní, "Mo rí i. Ó yí i ká." Ìyá ọmọ á kígbe halelúyà, orin á gbóná. Bàbá mi kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Oníṣọ́ọ̀bù kan ní kí ó ya kìnnìún fún òun nígbà kan, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kò rí kìnnìún rí. Ohun tí kò bá rí, kò ní yà á, kò sì ní fi ẹnu sọ pé òun rí i.

Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń bàjẹ́. Orí máa ń fọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ débi pé á fi aṣọ tútù di iwájú orí. Ó ń fi èjìká òsì gbá férémù ilẹ̀kùn, á wá máa bá ilẹ̀kùn jà. Ṣùgbọ́n táyà ló là mí lójú. Ọkùnrin kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà ní ẹ̀bá ọ̀nà ní kí ó ya táyà ńlá kan sára pátákó òun. Bàbá mi yà á, ó gbé e fún un. Ọkùnrin náà gbé e padà wá. Ó ní, "Baba, ẹ má bínú, táyà yìí kò tíì parí." Mo wò ó. Ní apá òsì, ìlà dúdú náà kò pàdé ara wọn, àlàfo tó fẹ̀ tó ìka ọwọ́ mi wà láàárín. Bàbá mi gbé ojú sún mọ́ pákó, ó fi ọwọ́ tọ́ ọ, ó ní, "Ó ti parí. Kí lẹ ń sọ?" Ọkùnrin tí kò fi okùn ya òbìrìkìtì rí, òun ni òbìrìkìtì rẹ̀ kò padé yìí.

Mo wọ́ ọ lọ sí ọsibítù ojú. Mo ní mo wọ́ ọ, nítorí pé ó ń jà. Dókítà náà jẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń fi Twi bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tó ń pè é ní Agya, bí ẹni ń bá bàbá tó bí i lọ́mọ sọ̀rọ̀. Ó ní gilakóómà ni. Omi kan wà nínú ojú, ó ní, ó ń sun wọlé, kò rí ọ̀nà jáde dáadáa, ó sì ń tẹ ojú láti inú wá títí ojú á fi kú. Òrùka tí Agya ń rí lára iná, omi yẹn ló ń fà á. Ohun tó ti lọ nínú ìríran rẹ̀ ti lọ, kò sí oògùn tó lè dá a padà, ṣùgbọ́n bó bá ń kán oògùn sójú déédéé, èyí tó kù á dúró. Ó fún wa ní ìgò kékeré kan tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. A wọ tròtrò padà sí Kotobabi. Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀, bàbá mi ní, "Omi." Ọ̀rọ̀ kan yẹn náà ni.

Ó ń kán oògùn náà. Èmi ni mo ń kán an fún un nígbà tí mo bá wá, òun fúnra rẹ̀ ló ń kán an nígbà tí n kò bá sí ńlé, nítorí mo ti lọ́kọ nígbà náà, mo sì lóyún. Orí tó ń fọ́ ọ dákẹ́. Lọ́jọ́ kan mo wọlé, mo bá a ní àgbàlá, ó fi èédú ya òbìrìkìtì kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní kí n wá wò ó bóyá ó padé. Ó padé. Mo jókòó sínú òbìrìkìtì náà tòun ti ikùn mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní a ti ṣẹ́gun.

Mo bí ọmọbìnrin. Ìyá ọkọ mi ń gbé ní Sabon Zongo nígbà náà, ìjọ kan náà ni òun àti bàbá mi jọ ń lọ, ó sì ti ń fi ọ̀rọ̀ òrùka yìí ṣe fáàrí fún àwọn ará àdúgbò rẹ̀ kí wọ́n tó bí ọmọ náà rárá. Bàbá ìyàwó ọmọ òun ló ń rí ògo, ta ni tirẹ̀ máa tàn tó ti ọmọ-ọmọ òun? Ọjọ́ tí wọ́n gbé àwọn ọmọ tuntun wá síwájú pẹpẹ, àwọn ìyá ọmọ tò lẹ́yìn mi. Èmi ni mo ṣáájú. Wọ́n na àbẹ́là sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọmọ mi. Bàbá mi wò ó. Ó pa ojú dé, ó là á, ó tún wò ó.

Ó ní, "N kò rí nǹkan kan."

Ìyá ọkọ mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa, sà."

"Mo wò ó dáadáa. N kò rí nǹkan kan."

Àwọn tó tò lẹ́yìn mi náà, ohun kan náà ló sọ fún wọn. Ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lójú ẹsẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n nínú gbọ̀ngàn yẹn: oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́, omi ti lọ sílẹ̀, òrùka kò sí mọ́. Mo na ọwọ́ sókè, mo kígbe, mo ní, "Ẹ gbọ́, àìsàn ni! Àìsàn ojú ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀, oògùn ló sì mú un lọ!" Hẹn-ẹn. Ta ló fẹ́ gbọ́? Bàbá Olùṣọ́ ní kí wọ́n mú mi jókòó, pé ìbànújẹ́ ló ń dà mí láàmú. Ọkọ mi di etí aṣọ mi mú bí ẹni pé mo fẹ́ fò.

Láti ọjọ́ yẹn, wọn kò jẹ́ kí ọmọ mi rímú mí. Àwọn obìnrin ìjọ kò gbé e mọ́, wọ́n á kàn wò ó, wọ́n á mí kanlẹ̀. Ìyá ọkọ mi kò dẹ̀ dákẹ́. Ó ní ẹnìkan ti mú ìràwọ̀ ọmọ náà lọ, kí ó tó dáyé pàápàá. Ó ní òun máa gbé e lọ sí Nàìjíríà, sórí òkè àdúrà kan tí wọ́n ti máa ń gba ògo padà, òun á sì fi í síbẹ̀ títí tí yóò fi rí tirẹ̀ gbà. Ọmọ tó ṣì ń mu ọmú! Mo ní bó bá fọwọ́ kan ọmọ mi, ọlọ́pàá ló máa là wá. Ọkọ mi ní kí n má bá ìyá òun sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sunkún dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ń fi ọwọ́ pa ọmọ náà lórí.

Nígbà tó ṣe, bàbá mi dìde láàárín ìsìn lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ mi wá. Wọ́n na àbẹ́là. Ó wò ó, ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, "Mo rí i. Búlúù ló wà nínú, pupa ló wà níta. Ó yí i ká." Gbọ̀ngàn náà hó yèè. Ìyá ọkọ mi já ọmọ gbà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè, ó ń jó. Ọ̀rọ̀ Nàìjíríà parí síbẹ̀. Kí n má purọ́, inú mi náà dùn, n kò bi ara mi ní ìbéèrè kankan lọ́jọ́ yẹn, mo kàn fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ mi sílẹ̀.

Inú gọ́tà iwájú ilé bàbá mi ni mo ti rí ìgò náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Mo mọ ìdérí rẹ̀. Mo wọlé tọ̀ ọ́ lọ, mo ní, "Baba, kí lèyí?" Ó ní òun ti dà á nù. Mo ní kí ló dé? Ó ní bí òun bá ń kán an, òun kò ní rí òrùka mọ́. Mo pariwo mọ́ ọn, àwọn ayálégbé jáde. Mo ra òmíràn, ó dà á nù. Mo ra òmíràn, ó fi í pamọ́, ó ní òun ń kán an, irọ́ ni. Rárá, kì í ṣe irọ́, ó ní, "Oògùn náà wà lọ́wọ́ mi," mo sì gbà pé ó ń lò ó. Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ìgbà yìí, ọjọ́ ìsinmi kọ̀ọ̀kan ni ó ń pe ọmọ kan lára àwọn tó ti sọ fún ìyá wọn pé òun kò rí nǹkan kan, á wò ó, á ní òun rí i. Mo rò pé iyì ló ń pa á. Mo sọ ọ́ sí i lójú pé agbára ìjọ ti gùn ún. Kò bínú. Ó ní kí n lọ fún ọmọ lọ́mú.

Ìrora ojú dé bá a ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Wọ́n pè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Mo bá a nílẹ̀, ó ń bì, ojú rẹ̀ méjèèjì pọ́n bí ẹyin ìṣin, ó ń gbá orí mọ́ ògiri. Dókítà ọmọbìnrin yẹn ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe. Ó mú ìrora náà kúrò, ṣùgbọ́n ojú kò padà wá. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, àwọn àgbà wí bẹ́ẹ̀; bàbá mi fi tirẹ̀ ṣe kí ni? Ìbéèrè yìí ni mo ń bi Ọlọ́run, mo ń bi í léèrè pẹ̀lú ìbínú, bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ létí ibùsùn ọsibítù.

Ìjọ wá kí i lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní Ọlọ́run ti pa ojú ara dé kí ojú ẹ̀mí lè ṣí. Ṣùgbọ́n aríran tí kò ríran, kò sẹ́ni tó ń gbé ọmọ wá bá a. Wọ́n fi àga rẹ̀ fún ẹlòmíràn tó ń rí ejò lójú àlá. Búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gbẹ pọ̀ mọ́ inú agolo ọ̀dà, n kò sì ní ọkàn láti dà á nù. Mo ń fún un lóúnjẹ, mo ń fọṣọ rẹ̀, mo sì ń bínú sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé èèyàn kò lè fẹ́ràn bàbá rẹ̀ kó tún máa bínú sí i lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ṣeé ṣe dáadáa.

Ọmọ mi ti wọ ilé ìwé girama báyìí. Ògo tí wọ́n rí lórí rẹ̀ kò tíì dé inú ìṣirò, òun náà mọ̀, a jọ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Circle náà ti yí padà. Wọ́n ti kọ́ afárá lé afárá níbẹ̀, ọkọ̀ ń gba orí, ọkọ̀ ń gba abẹ́, orúkọ nìkan ló ṣẹ́ kù tó rí róbótó níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, ó ní, "Wọ́n ti ya igun sí i, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Abẹ́ afárá yẹn ni mo wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, mo ti ti ṣọ́ọ̀bù, mo ń dúró de tròtrò. Méètì, ẹni tó ń gbowó ọkọ̀, ń pariwo ibi tó ń lọ, àwọn tó ń ta omi ń kọjá, wọ́n tan iná títì. Mo gbójú sókè. Òrùka yí iná kọ̀ọ̀kan ká. Búlúù nínú, pupa níta. Ó lẹ́wà. Ẹ gbà mí, ó lẹ́wà ju bó ṣe sọ ọ́ lọ, mo sì di òpó mú. Obìnrin kan bi mí ní Twi pé ṣé kò sí wàhálà. Mo ní kò sí.

N kò dúró di ọjọ́ ìsinmi kankan. Ilẹ̀ mọ́, mo lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní àìsàn náà máa ń wà nínú ẹbí, pé mo tètè wá, wọ́n sì fún mi ní oògùn tèmi. Mo kán an títí òrùka fi kúrò lára iná. Lẹ́yìn náà ni mo tó lọ sọ fún bàbá mi. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ fún un. Mo mọ ohun tó máa ṣe, á pariwo halelúyà, á ní ogún òun ti kàn mí, á ní kí n da oògùn nù. Mo ti to èébú sẹ́nu sílẹ̀ dè é.

Ó jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, gílóòbù ń tàn lókè orí rẹ̀ láìwúlò fún un. Mo ní, "Baba, mo rí i."

"Kí lo rí?"

"Òrùka. Lára iná, ní Circle."

Ó gbé ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ wá etí tábìlì kó tó gbé e lé e. Ó ní, "Ṣé o ti lọ sí ọsibítù?"

"Mo ti lọ."

"Wọ́n fún ọ lóògùn?"

"Wọ́n fún mi. Mo ń kán an, ṣùgbọ́n ó máa ń dà sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́."

"Ọwọ́ rẹ ló ń gbọ̀n. Gbé e wá."

Mo gbé ìgò náà fún un, n kò mọ ìdí tí mo fi gbé e fún un. Mo rò pé ó máa jù ú. Ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó ní kí n kúnlẹ̀ síwájú òun kí n gbé orí sẹ́yìn. Ó fi àtàńpàkò wá ìpéǹpéjú mi ọ̀tún, ó fà á wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó fi ìka tọ́ ọ wò, ó nu ún, ó sé èémí bó ṣe máa ń sé e nígbà tó bá fẹ́ ya òbìrìkìtì. Ẹ̀kán kejì bọ́ sí àárín gbùngbùn ojú mi.

Ó ní, "Wo gílóòbù yẹn. Kí ló yí i ká?"

"Kò sí nǹkan kan, Baba."

"Ó dáa."

Ìbínú mi kò rí ibi tó máa gbà. Mo ní, "Baba, ṣé ẹ gbà báyìí pé àìsàn ni? Lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí?"

Ó ní, "Mo ti mọ̀ tipẹ́. Lẹ́yìn tí mo da oògùn yẹn nù, ibi tí òrùka náà ti kọ́kọ́ padà wá bá mi, ilé ìyàgbẹ́ ni. Ó yọ lára gílóòbù tó wà níbẹ̀. Ó mọ́ ju ti ìjọ lọ. Ọ̀gá kì í wá jókòó sí irú ibẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni dókítà sọ."

Mo ní, "Kí ló wá dé? Ẹ ò ṣe kàn sọ fún wọn pé ẹ rí i? Ta ló máa mọ̀?"

"Kí n wọ sùtánà funfun ìjọ, kí n dúró níwájú pẹpẹ, kí n ní mo rí ohun tí n kò rí?" Ó mi orí. "Wọ́n fẹ́ gbé ọmọ rẹ lọ. Mo ní láti rí i. Mo ní bí mo bá ti rí tirẹ̀, n ó padà sídìí oògùn mi. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù ńkọ́? Èmi náà ni mo fi ẹnu mi sọ fún ìyá wọn pé n kò rí nǹkan kan. Wọ́n ń wo àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń wo tìrẹ. Mo ní kí n rí ti gbogbo wọn tán ná."

Gbogbo èébú tí mo tò sílẹ̀ wà lẹ́nu mi, n kò rí ẹni tí mo máa bú.

Ó ní, "Ó ku ọmọ kan. N kò rí ti ọmọ yẹn kí ojú tó lọ. Ọmọkùnrin ni. N kò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́."

Ẹkún ń gbọ̀n mí. Ó fi ọwọ́ wá ojú mi, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún gbẹ, ó ní kí n má sunkún, omi ẹkún á fọ oògùn náà jáde. Ó mi ìgò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ó gbọ́ pé nǹkan ṣì wà nínú rẹ̀.

"Gbé orí rẹ sẹ́yìn," ó ní. "Ó ku ojú kejì."